Ìyá Tó Wálé Lóṣù Kejìlá Kò Wá Ṣe Fàájì

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ ní Bárúwà, láti Candos títí dé Ìyànà-Ìpájà, àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó: àwọn ará òkè òkun ti ń bọ̀, owó ti ń bọ̀. A ti fún wọn lórúkọ, IJGB, ìyẹn I Just Got Back. A ti fún àsìkò wọn náà lórúkọ, Detty December. Nínú gbogbo àwọn tó ń wálé yìí, ẹnì kan wà tí ẹnu àwa ará ilé máa ń mú sí ju àwọn yòókù lọ, òun ni ìyá ọlọ́mọ tó sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́. A ní ìgbádùn ló bá wá. Bí kò bá fún wa lówó, a ní ahun ni. Bí ó bá ra omi inú ike fún àwọn ọmọ rẹ̀, a ní fújà ló ń ṣe. Bí àwọn ọmọ náà kò bá lè dá ìyá àgbà lóhùn ní Yorùbá, a ní òun ló ba ọmọ jẹ́. Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá náà ti gbà á gbọ́. Wọ́n á tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn títí wọn yóò fi padà wọ ọkọ̀. Mo ta ko èrò náà pátápátá. Ìrìnàjò tí ìyá bẹ́ẹ̀ ń rìn wá sílé kì í ṣe ìsinmi. Iṣẹ́ ọmọ títọ́ ni, iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, tí àwa tó wà nílé sì ti yọwọ́ nínú rẹ̀, tí a wá jókòó bí àlejò tó ń retí ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọjọ́ ìsinmi tí à ń wí yìí ti ń wá. Ní England, ọjọ́ 190 ni ọmọ ilé-ìwé ìjọba ń lò nínú kíláàsì lọ́dún, tí a pín sínú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 39. Ní ọ̀sẹ̀ 13 tó kù, ilé ni ọmọ wà. Òfin iṣẹ́ ibẹ̀ sì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún, agbanisíṣẹ́ sì lè ka ọjọ́ ọlidé ìjọba mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìlera ìjọba, NHS, ń gba ọjọ́ 27 àti ọlidé mẹ́jọ. Kí ẹni tó mọ ìṣirò ṣe é wò: ọmọ wà nílé fún ọ̀sẹ̀ 13, ìyá kò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje lọ láti fi bá a gbélé. Ta ni yóò jókòó ti ọmọ ní ìyókù? Kò sí ìyá àgbà ní yàrá kejì, kò sí àǹtí ní ojúlé kẹta, kò sí aládùúgbò tí a lè sọ fún pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Táíwò di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń ṣe ni pé wọ́n á pín ìsinmi wọn sí méjì, ọkọ á gba tirẹ̀, ìyàwó á gba tirẹ̀, wọn kò sì ní jọ wà nílé. Àwọn mìíràn á pín òru àti ọ̀sán: bí ọ̀kan ti ń wọlé láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ni èkejì ń jáde. Èyí tó bá kù, owó ni wọ́n fi ń san án fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọ nígbà ọlidé. Nítorí náà, ìyá tó bá kó ọmọ wá sí Bárúwà fún ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ti ná apá ńlá nínú ìsinmi ọdún kan. Ọjọ́ tí ara ọmọ yóò gbóná lóṣù kejì, ọjọ́ tí wọn yóò ti ilé-ìwé nítorí yìnyín, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, gbogbo rẹ̀ ló ti fi san owó ìrìnàjò náà kí ó tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Kò sì lè mú ìgbà mìíràn tí ọkọ̀ òfuurufú bá dẹ̀ lówó. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, bí òbí bá yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé fún ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ, ìtanràn £80 ni òbí kọ̀ọ̀kan yóò san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, á sì di £160 bí ọjọ́ 21 bá kọjá kí wọ́n tó san án. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, £320 nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé Heathrow. Gbogbo òbí ló wá ń rìn lásìkò kan náà, àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà lóṣù kejìlá fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ti pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Tó bá pé ọdún 12, owó àgbà ni yóò san. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, nítorí pé owó ọkọ̀ já wálẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n kò sí iléeṣẹ́ tí yóò sọ oṣù kejìlá di oṣù kejì.

Níbi owó ni ojú wa ti ṣókùnkùn jù. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní ojú ọjà ìjọba. Nínú ọdún 2024 ó kọjá 2,000. Ohun tí àwa nílé rí ni pé owó ẹni tó wà lọ́hùn-ún ti di ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni jíjá tí náírà já kò sì fi pẹ́nì kan kún owó oṣù rẹ̀. Pọ́n-ùn ló fi ń sanwó ilé, pọ́n-ùn ló fi ń sanwó iná. Ìdílé tó fi físà iṣẹ́ wọlé, yàtọ̀ sí àwọn oníṣẹ́ ìlera tí a yọ sílẹ̀, ń san owó ìtọ́jú ìlera ṣáájú: láti oṣù kejì ọdún 2024, £1,035 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan lọ́dún, £776 lórí ọmọ. Fún tọkọtaya àti ọmọ méjì, ní físà ọdún mẹ́ta, £10,866 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á. Wọ́n á tún kọ ọ́ sínú físà wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba, owó ọmọ tí aládùúgbò wọn ń gbà kò kàn wọ́n. Bí ọjọ́ bá pé láti béèrè fún ìwé ìgbé ayérayé, owó tó wà lórí ẹnì kan, àti ọmọ ọwọ́, di £3,029 lóṣù kẹrin ọdún 2025. Ìyá tó ń fi owó wọ̀nyí pamọ́ díẹ̀díẹ̀ ni à ń pè ní ahun nítorí pé kò fún wa ní 50,000 náírà.

Ẹ tún wo ìrìn náà fúnra rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ máa ń lò láti London sí Èkó, ìyẹn sì ni èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù wà. Òfin ilẹ̀ wa, abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999, sọ pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú ìbí rẹ̀ wá. Òfin kò ya ìyá sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni yóò tọ ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wa lọ gba ìwé náà, òun ni yóò wá lẹ́tà ìfọwọ́sí bàbá, pàápàá bí òun àti bàbá náà bá ti túká, òun náà ni yóò sì mú lẹ́tà mìíràn dání tó fi hàn pé kò jí ọmọ gbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn ibà: èyí tí wọ́n ń pè ní Malarone, ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó gbéra ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò máa lò ó lójoojúmọ́, yóò sì tún lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá padà délé. Ìyá ni aago tó ń rán wọn létí. Lẹ́yìn oògùn ni ẹrù. Àpò 23 kílò tó tọ́ sí ọmọ kò gbé aṣọ ọmọ. Bàtà ẹ̀gbọ́n bàbá, oògùn ìfúnpá ìyá àgbà, fóònù ẹni tó ní òun yóò sanwó tó bá dé, ìpara, ìyẹn ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi àti ẹ̀fọn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni à ń fi ìyá wọ̀nyí ṣẹ̀sín jù. Ará Bárúwà kò yẹ ní ẹni tí yóò bú ẹnikẹ́ni nítorí omi. Ó ti pẹ́ gan-an, kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, tí epo bẹntiróòlù ti ń jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga wa. Àwọn ilé wà tí wọ́n fa omi tó ń rùn tó sì ń gbaná. Ìyá Bárúwà fúnra rẹ̀ ń ra omi fún ọmọ rẹ̀ mu. Kí ló dé tí èyí tó dé láti Peckham ní London kò fi gbọdọ̀ rà á? Ní ti ẹ̀fọn, ọmọ tí a bí sí Ìlú Ọba kò ní agbára tí ara máa ń ní láti bá ibà jà bí ibà bá ti ń ṣe ènìyàn léraléra, ìyá rẹ̀ tó dàgbà sí Ìpájà náà sì ti pàdánù púpọ̀ nínú èyí tó ní lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ẹ̀fọn wa kò ti jẹ ẹ́ mọ́. Ní ọdún 2023, àwọn tí a rí ibà lára wọn ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ìrìnàjò lé ní 2,000, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ohun tó ju 20 ọdún lọ. Kì í ṣe àwọn òyìnbó tó lọ wo ẹranko nínú igbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó lọ kí ẹbí wọn nílẹ̀ Áfíríkà ni. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni ẹ̀rín tí à ń rín, tí à ń sọ pé ibà kò lè ṣe ọmọ onílé. Ìyá tó bá gba ẹ̀rín wa gbọ́, tó bá pa oògùn tì, ilé ìwòsàn ní London ni yóò ti ronú nípa rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní.

Wọ́n á ní, ta ló ní kó lọ? Èyí ni àtakò tó wọ́pọ̀ jù, mo sì fẹ́ dá a lóhùn tọkàntọkàn, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi okùn so ó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, lílọ náà kì í ṣe ìpinnu ẹnì kan. Ẹbí ló dáwó jọ, ẹbí ló ta ilẹ̀, ẹbí ló gbàdúrà sí físà, ẹbí ló sì ń jẹ nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tí gbogbo ilé rán níṣẹ́ kò yẹ ní ẹni tí gbogbo ilé yóò wá sọ fún pé ara rẹ̀ ló lọ fún. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan wà tí òfin ibẹ̀ ti ya wọ́n kúrò lára ọmọ wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà láti lọ tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tí yóò ti òkè òkun wá. Obìnrin tó bá wọlé láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ tàbí Ìgàndò. Ó ń wẹ ìyá oníyàá lọ́hùn-ún láti lè san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tó bá wálé fún ọjọ́ 14, kí ló wá ṣe bí kì í ṣe iṣẹ́ ìyá tí kò rí ṣe láti ọdún kan? A ó wá ní kó wá sí àríyá, kó wá náwó.

Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn ibi tí ẹ̀dùn náà wà. Láti àwọn ọdún 1950 sókè, àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba, tí ọkọ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tí ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, kò rí ẹni bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n polówó ọmọ wọn nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá obìnrin òyìnbó tí yóò gba ọmọ tọ́ fún owó ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ló dàgbà báyìí ní Kent, ní Essex, ní Sussex. Àwọn kan rí ìfẹ́. Àwọn kan kò rí i. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, ni wọ́n gbé fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury nígbà tí kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó dàgbà débi tó ń bá àwọn tó kórìíra ènìyàn dúdú rìn, ó sì sọ ọ́ di fíìmù Farming tó jáde ní ọdún 2018. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Esther Goody, ṣe ìwádìí lórí àwọn òbí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tọ́ka sí ni pé gbígbé ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àṣà tí àwọn òbí náà mọ̀ nílé ni wọ́n gbé lọ. Ohun tó yí padà ni pé nílé, ẹni tó gba ọmọ jẹ́ ìbátan, ó mọ oríkì ọmọ, ó mọ ilé tí ọmọ yóò padà sí. Lọ́hùn-ún, owó nìkan ló so wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá yẹn kò burú. Ọwọ́ tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ ló jìnnà.

Ọwọ́ náà ṣì jìnnà lónìí, òfin sì ń mú un jìnnà sí i. Ìyá àgbà lè lọ bẹ ọmọ rẹ̀ tó bímọ wò, ṣùgbọ́n físà àbẹ̀wò kò gbà á láyè ju oṣù mẹ́fà lọ. Láti ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní kí òbí àgbà tó lè lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, àìsàn tàbí ogbó gbọ́dọ̀ ti mú un débi tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá wọṣọ, kí ó sì hàn pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀ nílé. Lọ́rọ̀ kan, ìgbà tí ìyá àgbà kò bá lè gbé ọmọ pọ̀n mọ́ ni wọ́n tó lè gbà á wọlé. Bí ìyá àgbà kò bá lè lọ, ọmọ ni yóò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ìgbà Kérésìmesì ló wá di ohun tó ru gbogbo ẹrù tí agbo ilé ń fi ọdún 15 rù tẹ́lẹ̀: èdè, ìkíni, oríkì, mímọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni, mímọ ojú oórì bàbá ńlá.

Èyí ló mú kí ẹ̀sùn èdè bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀sùn yòókù lọ. A ní ìyá ló fà á tí ọmọ kò fi gbọ́ Yorùbá. Ta ló gbọ́ èdè láti ẹnu ènìyàn kan ṣoṣo rí? Ọmọ ń gbọ́ èdè láti ẹnu àwọn tó ń bá a ṣeré, àwọn tó ń bá a wí, àwọn tó ń rán an níṣẹ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láàárọ̀ kò lè jẹ́ gbogbo ènìyàn wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí àwa tó gbọ́ èdè ń ṣe nígbà tí ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ wa: Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kí i! A fẹ́ kó mọ̀ pé àwa náà lọ sílé-ìwé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Bárúwà, ilé-ìwé wọn ní wọn kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá, àwọn náà fi Gẹ̀ẹ́sì bá a ṣeré. Lọ́jọ́ kẹta a ti mú fóònù fún un kó má baà dà wá láàmú. Lọ́jọ́ kẹrìnlá a wá ń bi ìyá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé. Bí a bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó dé, tí ìyá àgbà mú un lọ sọ́jà, tí wọ́n ní kó ka àlùbọ́sà ní Yorùbá, tí wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ láìfi í ṣẹ̀sín, ọjọ́ 14 kò ní sọ ọ́ di akéwì, ṣùgbọ́n yóò mú ohun kan padà lọ tí ìyá rẹ̀ lè máa bomi rin.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní, àwọn ìyá tó wà ní Bárúwà ńkọ́? Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lè rí ọkọ̀ dé Erékùṣù, tí ọmọ rẹ̀ ti ń sùn kó tó dé lálẹ́, ta ló ń kẹ́dùn rẹ̀? Ta ló fún un ní ìsinmi ọjọ́ 28? Òótọ́ ni, n kò sì ní sọ pé ìyà ẹni tó wà ní Manchester pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ìyà ìyá Bárúwà tó ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáhùn fún, ní ti ọ̀nà, ní ti omi, ní ti owó oṣù. Ohun tí mo ń wí ni pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èkejì rẹ̀. Ó mọ ohun tó jẹ́ láti fi ọmọ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé tirẹ̀, bí ó bá pẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, Ìyá Ṣadé ojúlé kejì yóò fún ọmọ lóúnjẹ, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ohun kan tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò lè fi pọ́n-ùn rà nìyẹn, òun kan náà sì ni ohun tí a ní lọ́pọ̀ yanturu nílé tí a kì í fún un nígbà tó bá dé. Dípò bẹ́ẹ̀, láti alẹ́ tó dé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀ bí wọ́n ti wà lọ́hùn-ún, a tún fi àlejò 20 kún un tó gbọ́dọ̀ jí kí, tó gbọ́dọ̀ fún ní nǹkan.

A kò gbọdọ̀ purọ́ pé kò sí àwọn tó ń wá fún fàájì. Wọ́n wà, a sì ń rí wọn ní Lekki àti Victoria Island, ní ilé ijó àti ní òde orin tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ju owó oṣù ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ì bímọ; owó ara wọn ni wọ́n ń ná, n kò bá wọn jà. Àwọn ìyá kan náà wà tó ń fi aṣọ àti ẹ̀gbà ọrùn parọ́ fún wa nípa bí ayé wọn ti rí lọ́hùn-ún, irọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń parọ́ náà. Ẹni tó bá sọ òótọ́ nílé wa, tó ní ìdí àgbàlagbà ni òun ń nù, tó ní òun jẹ gbèsè láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ojú wo ni a fi ń wò ó? Àwa ni a ra irọ́ náà lọ́wọ́ wọn, a sì san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn.

Ní ti ẹ̀bùn, àwọn àgbà yóò sọ pé àṣà ni. Ẹni tó ti ìrìnàjò dé kì í wá lọ́wọ́ òfo. Mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ kí àṣà náà parẹ́, nítorí pé òun ni ìyá àgbà fi ń mọ̀ pé a kò gbàgbé òun. Ṣùgbọ́n àṣà yìí ní apá kejì tí a ti gbé sọnù. Àlejò tó dé láti ọ̀nà jíjìn, onílé ló ń gba ẹrù lórí rẹ̀, ló ń fún un lómi, ló ń ṣe oúnjẹ, ló ń ní kó lọ sinmi. Ìgbà wo ni a gbà pé apá tirẹ̀ nìkan ni òfin, tí tiwa sì di ohun tó bá wù wá? Ìyá tó mú aṣọ àti oògùn wá yẹ kó bá ẹni tí yóò wẹ ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó sùn títí oorun yóò fi dá lójú rẹ̀. Bí a bá ní kí ó san gbogbo ti àṣà, kí àwa náà san tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ oṣù kejìlá. Àwọn kan á ní, bí oṣù kejìlá bá nira tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í wá ní ìgbà mìíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àwa ni à ń dá ọjọ́. Ìsìnkú ìyá àgbà, ìgbéyàwó, ìṣílé, ìrántí ọdún kẹwàá, oṣù kejìlá ni ẹbí máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí, a ó sì ní ẹni tí kò bá wá kò fẹ́ràn ilé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìparí oṣù keje títí dé ìparí oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé England fi ń wà nílé. Àwọn ọmọ Èkó náà wà ní ìsinmi ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tiwọn nígbà náà. Ọmọ Peckham àti ọmọ Bárúwà lè jọ gbé fún oṣù kan. Owó ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọjú lásìkò náà pẹ̀lú, òjò sì wà, ẹni tó bá mọ àwọn ojú ọ̀nà inú Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ mọ ohun tí òjò ń fi wọ́n ṣe. Ìyá lè máà rí ju ọ̀sẹ̀ méjì gbà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ṣetán láti gba ọmọ, ìyá lè mú wọn wá, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí bàbá tàbí àǹtí tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún wá kó wọn lọ́sẹ̀ karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọmọ fi wà lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìyá kò ní san owó olùtọ́jú ọmọ. Owó yẹn lè tó tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹbí tó bá jókòó láti dá ọjọ́ ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n pe ìyá ọmọ lórí fóònù, kí wọ́n bi í léèrè ọjọ́ tí ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò ti, kí wọ́n sì yan ẹni tí ọmọ yóò sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí.